Ọmọ ń wá òbí, òbí ń wá ọmọ: Kí ló dí ọ̀nà tó bófin mu ní Mowe, Ibafo àti Ifọ̀?

Nígbà tí ọdún 2020 ń lọ sópin, àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Ògùn ya wọ ilé kan ní Mowe, nítòsí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ènìyàn mẹ́wàá ni wọ́n kó jáde níbẹ̀: obìnrin mẹ́fà, tí mẹ́rin nínú wọn wà nínú oyún, pẹ̀lú ọmọdé mẹ́rin. Obìnrin kan tó ráyè sá kúrò nínú ilé náà ló ta wọ́n lólobó. Gẹ́gẹ́ bí ọlọ́pàá ṣe ṣàlàyé, àwọn obìnrin náà ní ńṣe ni ẹni tó ni ilé ń wá ọkùnrin tí yóò fún wọn lóyún, bí wọ́n bá sì bímọ tán, yóò ta ọmọ náà gba owó. Ọlọ́pàá fi kún un pé lọ́dún kan náà ni wọ́n ti mú obìnrin tó ni ilé náà lórí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, pé ó gba béèlì, ó sì tún padà sídìí òwò rẹ̀.

Bí irú ìròyìn báyìí bá ti jáde, orí ẹni tó ń tà ni gbogbo èpè ń lọ. Kò sí ẹni tí yóò ní kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà tí kò bá ní oníbàárà, kì í pẹ́ tí ìsọ̀ rẹ̀ yóò fi dá páropáro. Ta ni ń ra àwọn ọmọ wọ̀nyí? Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ ibi ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe. Àwọn mìíràn sì wà tí kò sí ẹni tí yóò pè wọ́n ní ọ̀daràn bí ó bá pàdé wọn lójú pópó: tọkọtaya tó ti ń wojú Olúwa láti ọdún mẹ́wàá, obìnrin tí ìyá ọkọ rẹ̀ ti fi orin àgàn lé kúrò nínú ilé ìdáná, ọkùnrin tí ẹbí ń yọ́ wá ìyàwó kejì fún. Wọ́n fẹ́ ọmọ, wọ́n fẹ́ ẹ kíákíá, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ohun tó yẹ kí ó ká àwọn aráàlú lára ni pé òfin tó lè fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ọmọ lọ́nà tó tọ́ ti wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn láti ọdún 2006. Ọmọ tó nílò òbí wà, òbí tó nílò ọmọ wà, òfin náà sì wà nílẹ̀. Èé ṣe tí ọ̀nà ẹ̀yìn fi wá rọrùn ju ọ̀nà iwájú lọ?

Apá kan ìdáhùn náà wà nínú bí agbègbè náà ṣe rí. Mowe àti Ibafo wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Ifọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀, ojú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta ló wà, ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ ń gbà kọjá. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 2006, àwọn tí wọ́n kà ní Ọbáfẹ́mi-Owódé lé ní 220,000, ti Ifọ̀ sì lé ní 520,000. Láti ìgbà náà ni owó ilé tó ń ga sí i ní Èkó ti ń ti àwọn ìdílé jáde wá sí ẹ̀yìn ìlú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa jí lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn a sì padà wálé nígbà tí àwọn ọmọdé bá ti sùn. Ẹni tó ń gbé yàrá kan kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ẹni tó ń gbé èyí tó kàn án. Bí obìnrin kan bá gbé ọmọ jòjòló wọlé, ìwọ̀nba ènìyàn ni yóò mọ̀ bóyá ó lóyún tàbí kò lóyún.

Ojú ọ̀nà márosẹ̀ yìí kan náà ni àwọn ilẹ̀ àdúrà ńláńlá wà. Redemption City ti ìjọ Redeemed wà nítòsí Mowe, Prayer City ti ìjọ MFM sì wà níhà Ibafo. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń rọ́ lọ sí irú ibẹ̀ lóṣooṣù, àdúrà fún ọmọ kò sì wọ́n nínú ẹrù tí wọ́n ń gbé lọ. Èyí fi hàn bí ìfẹ́ ọmọ ti jinlẹ̀ tó lọ́kàn àwọn ènìyàn. Ó tún fi hàn pé ìtìjú tó so mọ́ àìrọ́mọbí kò tíì kúrò nílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ti di búlọ́ọ̀kù, tí ọ̀nà sì ti di ọ̀dà.

Gbígba ọmọ tọ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Láti ayébáyé ni ìyá àgbà ti ń gba ọmọ ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀, tí ẹ̀gbọ́n ń mú ọmọ àbúrò, tí òbí sì ń fa ọmọ lé alágbẹ̀dẹ tàbí aláró lọ́wọ́ láti kọ́ṣẹ́. Obìnrin tí kò bá rọ́mọ bí, ẹbí a máa wá ọmọ kan fi sọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó má baà dá wà. Àwọn àgbà a sì máa sọ pé ojú mẹ́rin ló ń bímọ, igba ojú ló ń tọ́ ọ. Igba ojú yẹn gan-an ni agbára ètò náà. Bí alágbàtọ́ bá ń fi ebi pa ọmọ, aládùúgbò yóò rí i. Bí ó bá ń lù ú ní àlùbolẹ̀, baálé yóò ránṣẹ́ pè é. Ọmọ náà mọ ìyá rẹ̀, ó mọ ọ̀nà ilé, ó sì lè sá lọ bí ìyà bá pọ̀ jù.

Síbẹ̀, ètò àtijọ́ náà ní àléébù. Ọmọ àgbàtọ́ kì í bá ọmọ inú ilé pín ogún. Bí ó ti wù kí ó ṣe ìtọ́jú ẹni tó tọ́ ọ tó, ọjọ́ tí ẹni náà bá papò dà ni mọ̀lẹ́bí yóò rán an létí pé àlejò ni. Bí wọ́n bá sì mú ọmọ kúrò lábúlé lọ sí ìlú ńlá tí igba ojú kò ti sí, ọmọ àgbàtọ́ lè di ọmọ ọ̀dọ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ sì lè di ẹrú.

Àpẹẹrẹ èyí kò jìnnà. Ní orílẹ̀-èdè Benin, vidomègon ni àwọn tó ń sọ èdè Fọn ń pe ọmọ tí wọ́n fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn kí ó lè rí ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú. Àṣà tó dára ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2003, láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá, àwọn ọmọ Benin tí wọ́n kó kúrò níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní àyíká Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì dá padà sílé, lé ní ọgọ́rùn-ún kan. Ìlérí ìgbé ayé tó sàn ni wọ́n fi tan ọ̀pọ̀ òbí tó yọ̀ǹda irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.

Òkè òkun pẹ̀lú rí tirẹ̀. Victoria Climbié, ọmọ ọdún mẹ́jọ láti Ivory Coast, wà lọ́wọ́ ìbátan àwọn òbí rẹ̀ tó ṣèlérí pé òun yóò fi í sílé ìwé ní Yúróòpù. Ní Lọ́ńdọ̀nù ni ìyà pa á sí ní oṣù Kejì ọdún 2000. Ìwádìí tí Lord Laming ṣe, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2003, fi hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn dókítà àti ọlọ́pàá ní àǹfààní ní ọ̀pọ̀ ìgbà láti gba ọmọ náà sílẹ̀, wọn kò sì lò ó. Ìyẹn wà lára ohun tó mú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tuntun lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé ní ọdún 2004. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn méjèèjì ni pé kò tó kí ẹni tó gba ọmọ jẹ́ ẹbí tàbí ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò máa wo bí ó ṣe ń tọ́ ọmọ náà.

Ohun tí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn. Ní ọdún 2003 ni Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fọwọ́ sí ti ìjọba àpapọ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2006, nígbà ìṣèjọba Gbenga Daniel. Ọ̀nà méjì ni òfin náà là fún ẹni tó fẹ́ gba ọmọ. Èkíní ni àgbàtọ́: ilé ẹjọ́ yóò fi ọmọ sí ìkáwọ́ ẹni tó kún ojú òṣùwọ̀n láti máa tọ́ ọ, ṣùgbọ́n okùn tó so ọmọ pọ̀ mọ́ àwọn òbí tó bí i kò já, ilé ẹjọ́ sì lè yí àṣẹ náà padà. Ìkejì ni ìsọdọmọ, èyí tí ó jẹ́ títí láé. Bí adájọ́ bá ti fọwọ́ sí i, ọmọ náà ti di ọmọ ẹni tó gbà á bí ẹni pé inú ìgbéyàwó rẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ogún bíi ti gbogbo ọmọ inú ilé.

Nínú òfin ìjọba àpapọ̀, tí àwọn ìpínlẹ̀ fi ṣe àwòkọ́ṣe, ohun tí wọ́n ń bèèrè kò ṣòro lóye. Tọkọtaya lè jọ gba ọmọ bí wọ́n bá ti pé ọdún 25. Ẹni tí kò lọ́kọ tàbí tí kò láya gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 35. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, ọmọbìnrin ni yóò gbà, bí ó bá sì jẹ́ ọkùnrin, ọmọkùnrin ni. Ẹni tó ń gba ọmọ gbọ́dọ̀ fi ọdún 21, ó kéré tán, ju ọmọ náà lọ. Ó gbọ́dọ̀ ti sọ èrò rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ìgbáyégbádùn aráàlú, àwọn tí gbogbo ènìyàn ń pè ní wẹ́fíà, ní oṣù méjìlá kí àṣẹ ilé ẹjọ́ tó jáde. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko. Òfin kan náà ní ẹnikẹ́ni tó bá ra ọmọ tàbí tó tà á yóò ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Kò yọ ẹni tí ojú ń pọ́n fún ọmọ sílẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ìlànà náà ló ń di èkùrọ́ ojú ọ̀nà fún àwọn ará Mowe, Ibafo àti Ifọ̀. Òfin ní ẹni tó fẹ́ sọ ọmọ dọmọ àti ọmọ náà gbọ́dọ̀ máa gbé ní ìpínlẹ̀ kan náà, kí ẹni náà sì ti gbé níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún, ó kéré tán. Ẹni tó kó dé Mowe láti Ojódù lọ́dún méjì sẹ́yìn kò tíì pé ọdún márùn-ún ní ìpínlẹ̀ Ògùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ará Èkó mọ́. Ó lè máa ṣiṣẹ́ ní Ìkejà lójoojúmọ́, kí ó máa kọjá níwájú ilé ọmọ aláìlóbìí kan níbẹ̀, síbẹ̀ ìpínlẹ̀ tí ọmọ náà wà yàtọ̀ sí èyí tí òun ń gbé. Ẹni tó ṣe òfin náà ní ìdí tó dára: kí wọ́n má baà gbé ọmọ sá kúrò níbi tí ojú ìjọba ti tó o. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé lẹ́nu ibodè ìpínlẹ̀ méjì ni ìnira náà wá já lé lórí.

Ọ̀nà náà sì jìn. Owódé ni olú ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé wà, ó sì jìnnà díẹ̀ sí Mowe àti Ibafo. Òkè-Mọ́sàn ní Abẹ́òkúta ni àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ wà, títí kan èyí tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ìgbáyégbádùn aráàlú. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ yóò lọ, yóò bọ̀. Wọn yóò wá wo ilé rẹ̀, yóò ṣe àyẹ̀wò ara, yóò kó ìwé jọ, yóò dúró de ọjọ́ kóòtù. Ìwọ̀n ìdúró kan wà tó ṣàǹfààní. Ẹni tí kò lè fara da oṣù méjìlá kí ó tó gba ọmọ, ó yẹ kí wọ́n bi í léèrè bí yóò ṣe fara da ọdún méjìdínlógún. Ṣùgbọ́n bí fáìlì bá jókòó sórí tábìlì láìsí ìdí, tàbí tí ẹnì kan ń retí kí wọ́n bọ́ òun lọ́wọ́ kí ó tó gbé e, ńṣe ni onítọ̀hún ń pe oníbàárà fún àwọn tó ń bímọ tà.

Yàtọ̀ sí ìjìnnà, ìbẹ̀rù wà. Ọ̀pọ̀ ní àwọn kò mọ orísun ọmọ náà, pé ó lè jẹ́ ọmọ olè tàbí ọmọ wèrè. Òfin orílẹ̀-èdè dá wọn lóhùn: ìwé òfin ọdún 1999, ní ìpín kejìlélógójì, sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi bí wọ́n ṣe bí ènìyàn fi ẹ̀tọ́ dù ú. Ìrírí pẹ̀lú dá wọn lóhùn, nítorí ọmọ tí ẹni iyì bí ti ya ìpáǹle rí, ọmọ aláìníbaba sì ti di ẹni àmúyangàn. Ti ẹ̀sìn tún wà níbẹ̀. Ìlànà Islam kò fara mọ́ kí wọ́n yí orúkọ bàbá ọmọ padà, kò sì ka ọmọ tí a gbà sí ajogún. Ṣùgbọ́n ó gbé ìtọ́jú ọmọ òrukàn ga púpọ̀, ó sì gbà kí ènìyàn fi ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní rẹ̀, ó pọ̀ tán, sínú ìwé ìhágún fún ẹni tí kì í ṣe ajogún rẹ̀. Mùsùlùmí tó bá fẹ́ ran ọmọ lọ́wọ́ lè gba ọ̀nà àgbàtọ́, kí ó sì kọ ìwé ìhágún rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le.

Èyí tó lágbára jù nínú gbogbo rẹ̀ ni àṣírí. Àwọn kan a máa di aṣọ mọ́ ikùn kí ará àdúgbò lè rò pé oyún ni. Wọ́n a lọ gba ìwé ẹ̀rí ìbí irọ́, wọ́n a sì ṣe ìsọmọlórúkọ pẹ̀lú ìlù. Wọn kò mọ̀ pé irú àṣírí yìí kì í pẹ́ kí ó tó tú láyé òde òní. Bí ọmọ bá dé ilé ìwé gíga, tàbí tó fẹ́ gbéyàwó, wọn yóò ní kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní genotype. Ìyá ní AA, bàbá ní AA. Bí ti ọmọ bá jẹ́ AS, ọmọ tó mọ ìwé díẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Bí ìdílé bá fẹ́ kó lọ sókè òkun, àwọn tó ń fúnni ní ìwé ìrìnnà lè bèèrè ẹ̀rí DNA. Bí bàbá bá sì kú, àbúrò rẹ̀ tó ń wo ilé méjì tó fi sílẹ̀ yóò rántí pé òun kò rí ìyàwó náà kí ó lóyún rí.

Ọjọ́ náà ni ìyàtọ̀ ọ̀nà méjèèjì yóò hàn. Ẹni tó gba ọmọ lọ́nà tó tọ́ yóò mú ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ jáde, ọ̀rọ̀ yóò sì tán. Ọmọ tí wọ́n rà kò ní nǹkan kan tí yóò fi dúró. Kò lè sọ pé ìwé ẹ̀rí ìbí òun kì í ṣe ayédèrú, kò mọ ibi tí ìyá tó bí i wà, ẹbí tó mọ̀ ti ń lé e. Owó tí wọ́n san kò ra ààbò kankan fún un. Obìnrin tó bí i pàápàá lè wà láàyè níbìkan tí ó ń wá a, nítorí kì í ṣe gbogbo ìyá tó wà nírú ilé bẹ́ẹ̀ ló fínnúfíndọ̀ fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó yẹ kí ìjọba bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo jù. Ìlú tó ti tóbi tó Mowe àti Ibafo kò yẹ kí ó máa lọ sí Owódé tàbí Abẹ́òkúta kí ó tó rí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà bá sọ̀rọ̀ lórí ọmọ. Ọ́fíìsì kékeré kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tó mọ iṣẹ́ wọn, tí iye oṣù tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà wà lára ògiri fún gbogbo ènìyàn láti kà, yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ agbódegbà. Ìpínlẹ̀ Ògùn àti ti Èkó tún lè jókòó sọ̀rọ̀, kí ọdún tí ènìyàn ti lò ní ìpínlẹ̀ kan má baà ṣòfò nítorí pé ó kọjá ibodè. Ìyẹn gba àtúnṣe òfin, àwọn aṣòfin sì wà fún irú rẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀. Ọmọ jòjòló ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bèèrè, nítorí ó rọrùn láti pe jòjòló ní ọmọ tí ènìyàn bí. Ọmọ ọdún méje, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí kò fẹ́ pínyà, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gún, àwọn wọ̀nyí ni ọwọ́ kì í sáábà nà sí. Àwọn ilé ìtọ́jú wà ní ìpínlẹ̀ náà: èyí tí wọ́n fi orúkọ olóògbé Stella Ọbásanjọ́ pè wà ní Abẹ́òkúta, abúlé ọmọ ti SOS sì wà ní Òwu-Ìjẹ̀bú, níbi tí ìyá kan ti ń tọ́ ọmọ mélòó kan nínú ilé kan. Wọ́n ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ilé alágbàtọ́ tó ní ẹni tí yóò mọ ìgbà tí ara rẹ̀ kò yá ló dára jù. Ẹni tó bá gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yẹ fún ìrànlọ́wọ́ owó ilé ìwé àti ti ilé ìwòsàn láti ọwọ́ ìjọba, kí òṣìṣẹ́ sì máa yọjú wò wọ́n déédéé.

Ẹ̀kẹta ni ti ìyá. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún tó lóyún ní Ifọ̀, tí bàbá rẹ̀ lé jáde, tí ẹni tó fún un lóyún ti sá lọ, ni àwọn tó ń ta ọmọ máa ń kọ́kọ́ rí. Wọ́n á fún un ní ibùsùn àti oúnjẹ nígbà tí ẹbí kò fún un. Bí ìjọ, mọ́sálásí tàbí ẹbí bá gbà á sílé, ó lè tọ́ ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, èyí tó sàn ju kí wọ́n máa wá òbí mìíràn fún ọmọ náà lọ. Bí kò bá sì lè tọ́ ọ, yóò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á lé ìjọba lọ́wọ́ lójú mọ́mọ́.

Àwọn olórí ẹ̀sìn tó wà lójú ọ̀nà yìí ní iṣẹ́ tí òfin kò lè ṣe fún wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe tọkọtaya kan tó gba ọmọ ní kóòtù síwájú ìjọ, tí wọ́n súre fún wọn bí wọ́n ṣe ń súre fún ẹni tó bí ìbejì, ìtìjú yóò fò kúrò lójú ọ̀pọ̀ tó ń gbọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó gba ọmọ lọ́nà ẹ̀tọ́ bá ṣì ń fi í pamọ́ bí ẹni tó jalè, tí ẹni tó ra ọmọ sì ń fi ìlù sọ ọ́ lórúkọ, ilé tí ọlọ́pàá bá tì pa ní Mowe lónìí, òmíràn yóò ṣí níbòmíràn lọ́la.